Jẹ́ẹ̀lì Tó Ń Dí Ojú Omi Nínú Kànga Epo

(Orin rọlẹ̀.)

Ẹ̀yin ará Ìbà Housing Estate! Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni epo rọ̀bì kọ́kọ́ jáde ní pápá epo Aje, lójú òkun Àgbádárìgì tiwa níbí. Bí kànga epo bá ti ń dàgbà, omi a máa jáde ju epo lọ, torí ibi tí àpáta ti lanu jù ni omi ń gbà. Láti dí ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á po pọ́límà mọ́ omi àti kẹ́míkà díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í wọlẹ̀. Á ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná, á sì dì síbẹ̀, á di jẹ́ẹ̀lì. Omi á gba ibi tí epo ṣẹ́ kù sí.

Jẹ́ẹ̀lì yìí tún lè wúlò níbi tí wọ́n ti ń fi kànga rọ gáàsì kábọ́n dáyọ́ọ́sáìdì sábẹ́ ilẹ̀ òkun, bí wọ́n ti ń ṣe ní Sleipner ní Norway láti 1996. Bí sìmẹ́ǹtì irú kànga bẹ́ẹ̀ bá sán, jẹ́ẹ̀lì lè dí i. Àmọ́ bí ooru ilẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè má jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì náà pẹ́!