Oníwàásù Nínú Àwòrán àti Ère



Ní 1766, Nathaniel Hone ya àwòrán John Wesley, àgbà àwọn Mẹ́tọ́díìsì: ó dúró ní gbangba ìta, aṣọ dúdú lọ́rùn, ó na ọwọ́ sókè. Ní 1842, Thomas Birch Freeman, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gbé ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì, lábẹ́ igi Agia. 

Àmọ́ ta ló fi ojú Yorùbá wo òyìnbó oníwàásù? Thomas Ona Ọdúlátẹ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń gbẹ́gi l'Ékòó nígbà ayé rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀, lọ́yà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, gbogbo wọn ló gbẹ́ ní kékeré. Tádàwà dúdú àti pupa pẹ̀lú pólíìṣì bàtà funfun ló fi kùn wọ́n. Àwọn òyìnbó ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, pé bí òun ṣe rí wọn lòun ṣe gbẹ́ wọn. Mo gbà á gbọ́. Ẹ sá wo orí ère wọ̀nyẹn: ó tóbi ju bó ṣe yẹ fún ara lọ, gẹ́gẹ́ bí orí ère ìbejì.