Nígbà Tí Orúkọ Ọmọ Kò Tíì Jáde

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ọmọ bá ṣe ìdánwò Common Entrance tán àti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ bá gbé orúkọ àwọn tí wọ́n mú jáde. Láti bí ọdún mélòó kan, oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà ni ìdánwò náà máa ń bọ́ sí, ìwọlé sí JSS 1 sì di oṣù kẹsàn-án. Àárín méjèèjì yìí ni bàbá ti ń bínú lórí oúnjẹ, tí ìyá ń dìde lóru láti yẹ fóònù wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò náà ti ń lọ, torí àìmọ̀ ló ń dá kún ìdààmú púpọ̀ nínú wa. NECO ló ń ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè, kí wọ́n sì fún un ní máàkì. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá ló ń ṣa àwọn tí yóò wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá rí máàkì ọmọ rẹ̀ kò tíì rí àyè o. Wọ́n ń wo àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, wọ́n ń wo ìpín tó tọ́ sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wo ilé ìwé tí ẹ kọ sí ipò kìíní. Lẹ́yìn ìwé orúkọ àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń gbé òmíràn jáde láti fi dí àyè àwọn tí kò wá. Ní ọdún 2023, ó lé ní 70,000 ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé ìwé náà kò ju ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Federal Government College, Ìdòàní, nínú Ọ̀sẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń kọ ọ́ sí ipò kìíní. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpín yẹn ń dun ọ̀pọ̀ yín. Ní ọdún 2013, àwọn ìwé ìròyìn gbé máàkì tí wọ́n là sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde: ọmọ Anambra, 139; ọmọ Oǹdó, 126; ọmọkùnrin Zamfara, 4; ọmọbìnrin Zamfara, 2. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní 120 kò ní ṣàì kérora. Nígbà tí wọ́n dá mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1966, ní Sókótó, Okposi àti Warri, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá jọ gbé, kí wọ́n jọ jẹun. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tó fi máàkì 4 wọlé kò rí ojúure kankan gbà. Pírámárì tó yẹ kó ti kọ́ ọ ló já a kulẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìjọba lọ tún ṣe. Ẹ bá àwọn aṣòfin yín sọ ọ́. Ẹ má sọ ọ́ sí ọmọ létí débi tí yóò fi máa kórìíra ọmọ Zamfara tí kò tíì rí rí.

Àkókò yìí náà ni àwọn “mo mọ ẹnìkan ní Àbújá” máa ń jáde. Wọ́n á ní kí ẹ mú owó wá, kí wọ́n bá yín “ṣe é.” Bí irọ́ bá ni, owó ti lọ. Bí òótọ́ bá ni, ọmọ ẹlòmíràn, bóyá ọmọ opó kan ní Ìmẹ̀rì tàbí Ìpèlé, ni wọ́n yọ kúrò láti fi ti yín sí i. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń gbàdúrà ìdúpẹ́ lórí irú rẹ̀.

Àwọn kan sì wà láàárín wa tí wọn kò fẹ́ kí orúkọ náà jáde rárá, àmọ́ tí ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n jí ọmọ kó ní FGC Birnin Yauri ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwa náà rí ohun tí ojú wa rí ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ nísinsìnyí, kí orúkọ tó jáde. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìdòàní, ẹ wo ọgbà, ẹ béèrè iye ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ lóru. Hánà náà fi ọmọ sí bọ́díǹgì ní Ṣílò, ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń lọ wò ó pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun.

Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí fóònù. Ẹ má fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ẹ má máa bi í lójoojúmọ́ pé “ṣé o dá a yẹn dáadáa?” Ìdánwò ti parí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa gbọ́ orúkọ ọmọ aládùúgbò tó ti rí tirẹ̀. Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ó yé e, pé bí orúkọ kò bá jáde, ilé ìwé báyìí ni yóò lọ. Kí ilé ìwé náà ní orúkọ, kí ẹ sì mú un lọ wò ó.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí Olóyè Adékúnlé Ajásin ní ọdún 1908. Wọ́n parí ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ní 1927, wọ́n sì ń ṣe tíṣà títí di 1943 kí wọ́n tó wọ Fourah Bay College ní Sierra Leone. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ní 1947 wọ́n di ọ̀gá Imade College, wọ́n wà níbẹ̀ di 1962. Ní 1963 wọ́n dá Owo High School sílẹ̀. Ní 1979 wọ́n di gómìnà. Ilé ìwé méjèèjì yẹn wà nítòsí wa, síbẹ̀ àwọn òbí kan ń pè wọ́n ní “ibi tí a máa fi í sí bí kò bá wọlé,” lójú ọmọ.

Èyí tó kù ni ìwé. Ẹ má dúró de ìwé orúkọ kí ẹ tó wá wọn: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjáde pírámárì, àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni. Àwọn ará Ọ̀sẹ́, Ìfọ́n ni ẹ ó ti gba ti ìkẹyìn yẹn. Àwọn ará Ọ̀wọ̀, sẹkiteríàtì ti ibí. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ọmọ bára mu nínú gbogbo wọn, torí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá bára mu, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé, kí a jọ wò ó.