Ta Ni Ń Darí Ilé Ìjọba, Ta Ni Ń Sanwó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan bá ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ọdọọdún, ní ìlú Oǹdó)

Olùkọ́ ni mí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dàbí ti inú kíláàsì, ẹ fi orí jì mí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń fẹ́ kí ìjọba kọ́ ilé sí ìlú wa bí Ijapo Estate ti Àkúrẹ́. Ẹ̀bẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bẹ̀bẹ̀ yẹ kí ó mọ ẹni tí iṣu àti ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Western Nigeria Housing Corporation sílẹ̀, èyí tí ó kọ́ Bódìjà sí Ìbàdàn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, àwa náà ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tiwa ní Àkúrẹ́. Òfin ni ó ń bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè ní dúkìá, ó lè yá owó, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Ìjọba ni ó ń yan alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ a máa pinnu, ọ̀gá àgbà a sì máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti jáde ní 1978, ọwọ́ Gómìnà ni àkóso ilẹ̀ ìlú wà. Nítorí náà, bí a bá lọ bẹ ọ̀gá àgbà nìkan, a kò tíì dé ojúde.

Owó ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wọlé: èyí tí ìjọba fi sílẹ̀ nínú ètò ìnáwó ọdún, èyí tí a yá, àti èyí tí àwọn tí ó ra ilẹ̀ tàbí ilé ń san. Ẹ̀kẹta yìí ni ó dàbí èésú: bí ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o bá dáwọ́ dúró, ẹni ìkẹyìn kò ní rí nǹkan kó.

Èmi fúnra mi ti ra fọ́ọ̀mù ilé rí ní ọ́fíìsì kan. Mo sanwó, mo gba rìsíìtì, mo dúró fún ọdún mẹ́fà, n kò rí ilé. Inú bí mi, mo lọ bèèrè. Wọ́n ní àwọn tí ó gba ilé ṣáájú wa kò san gbèsè wọn tán, owó tí à bá fi kọ́ tiwa sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ méjì nínú wọn. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n, èèyàn ńlá sì ni wọ́n. Ìbínú mi di ìtìjú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ yín. Kí ẹni tí ó jẹ gbèsè ilé ìjọba san án. Kí ẹbí tí yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ má ṣe tà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹgbẹ́ wa sì máa bèèrè lọ́wọ́ aṣòfin wa, lọ́dọọdún, iye tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé àti iye tí a ná ní tòótọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba kò lè dá a ṣe, àwa náà kò lè dá a ṣe. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa.