Ọ̀rọ̀ lórí fídíò ijó tí a torí ẹ̀ jà

(Ohùn ádímíìnì, alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.)

Ẹ jọ̀ọ́, ohùn yìí máa gùn díẹ̀. Mo ti pín in sí mẹ́ta kó má baà wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ owó àjọ kọ́ o. Ti àjọ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ fídíò tí àbúrò wa kan fi síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, èyí tí àwọn èèyàn ti ń jó lórí iyanrìn létí òkun. Ẹ rántí bí ilé ṣe gbóná. Àwọn kan ní ìhòòhò ni. Àwọn kan ní ẹbọ ni wọ́n ń rú. Alhájì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an pè mí, wọ́n ní ṣé irú nǹkan tí èmi ádímíìnì ń gbà láyè nìyẹn, àwọn ìyàwó àwọn méjèèjì wà nínú gúrúùpù. Èmi náà, mò ń já ẹrù lọ́wọ́. Mi ò wo fídíò ọ̀hún kọjá ìṣẹ́jú kan. Mo pa á rẹ́, mo sì yọ ọmọ náà kúrò. Gbogbo ẹ̀ ò ju kí n tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ.

Mo ti dá a padà láàárọ̀ yìí. Àṣìṣe mi ni, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ ọkùnrin ará Niger tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dojú kọ tèmi. Dìíṣì àwọn Faransé ló ní. Ìkànnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mezzo, tọ̀sán-tòru, orin kíláásíkà, jáàsì àti ijó ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Mo ti bi í rí pé kí ló ń rí nínú ẹ̀. Ó ní tí òun bá yí i sí bọ́ọ̀lù, èèyàn á kún ṣọ́ọ̀bù òun fọ́fọ́, wọn ò ní ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí fèrè àti gòjé òyìnbó bá ń lọ, ẹni tó fẹ́ rajà nìkan ló ń wọlé. Mo ní ó gbọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kù díẹ̀ ká ti ọjà, mo jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀, ni mo bá gbọ́ orin kan tó ń já lu ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán lódó mẹ́wàá. Mo gbójú sókè. Wọ́n ń jó lórí ìtàgé, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn dúdú, ó lẹ̀ mọ́ òógùn ara wọn. Mo ní, ah, mo mọ orin yìí! Orin inú fídíò tí mo pa rẹ́ ni. Ọkùnrin yẹn gbọ́ Faransé, òun ló túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo délé, mo ní kí ọmọ náà tún fídíò yẹn fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ìṣẹ́jú 35 ni ijó náà. Mo wò ó tán, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Igor Stravinsky ló kọ orin náà. Ní Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ jó o, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1913. Ìtàn inú ẹ̀ rèé: àwọn ará abúlé kan láyé àtijọ́ kóra jọ nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ewéko fẹ́ máa hù. Wọ́n á yan ọmọbìnrin kan láàárín ara wọn, ọmọ yẹn á jó, á jó, títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára ẹ̀, kí ilẹ̀ lè so. Eré ni o. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbọ ni, ẹ ò parọ́, ìtàn ẹbọ ni. Ṣùgbọ́n fíìmù Yorùbá tí a ń wò lálaalẹ́ ńkọ́, mélòó ni babaláwo kì í sí nínú ẹ̀? Ẹni tó ṣe olè nínú fíìmù, a kì í pe ọlọ́pàá sí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní 1913, àwọn olówó Paris tó wọ kóòtù wá wòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń bú ara wọn, débi pé àwọn oníjó ò gbọ́ orin mọ́. Nijinsky, ẹni tó ṣètò ijó náà, gun orí àga lẹ́yìn ìtàgé, ó ń ké òǹkà ìṣísẹ̀ sí wọn kí wọ́n má baà ṣìnà. Ẹ rí i pé gúrúùpù wa kọ́ ló kọ́kọ́ bínú sí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ò ní ádímíìnì tó lè pa á rẹ́.

Ní 1975, obìnrin Jámánì kan, Pina Bausch, tún un ṣe ní ìlú Wuppertal. Òun ló da ilẹ̀ dúdú sórí ìtàgé. Àwọn obìnrin wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi yẹ̀rì, àwọn ọkùnrin bọ́ra sókè, wọ́n wọ ṣòkòtò dúdú. Ohun tí ẹ pè ní ìhòòhò nìyẹn. Aṣọ pupa kan wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá wọ aṣọ yẹn fún ni wọ́n yàn. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ń gbé e fún ara wọn, ẹni tó gbà á ò fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n ń lọ bá ọkùnrin tó fẹ́ yàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni yìí á sún mọ́ ọn, á tún sá padà. Gbogbo àwọn yòókù á fún mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń mí gúlegúle. Ẹ máa gbọ́ èémí wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀. Àwa tí a wà ní àjò, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé fún yín bó ṣe máa ń rí tí ìlú bá gbóná, tí a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí oníkálukú ń dúró wo ẹni tí ọ̀rọ̀ máa kàn, tí a sì ń dúpẹ́ nínú ọkàn pé kì í ṣe ọ̀nà tiwa ni wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ilé yìí tó mọ ohun tí mò ń sọ ju gbogbo wa lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo wá rò ó pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ilé gbóná, èmi ni mo gbé aṣọ pupa lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ kí ariwo lè rọlẹ̀. Ariwo sì rọlẹ̀ lóòótọ́.

Ó dáa. Tí orí iyanrìn wá ńkọ́? Lọ́dún 2020, àwọn oníjó 38 láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà kóra jọ sí Toubab Dialaw, abúlé kan létí òkun ní Senegal. Àwọn tó ti bá Pina fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ ló wá kọ́ wọn. (Pina ti kú ní 2009.) Dakar ni wọ́n fẹ́ ti kọ́kọ́ jó o fún aráyé, nínú oṣù Kẹta, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilẹ̀ míì. Wọ́n ti kọ́ ọ tán o. Ó ku ọjọ́ díẹ̀. Ni kòrónà bá dé, ìjọba ní kò gbọ́dọ̀ sí àpéjọ. Kí oníkálukú tó máa lọ ilé ẹ̀, wọ́n ní àwọn á jó o lẹ́ẹ̀kan ṣá. Wọ́n bọ́ sí etí òkun nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ẹni tó ń ya fíìmù wà níbẹ̀, Florian Heinzen-Ziob. Wọ́n jó o látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí iyanrìn, láìsí èrò ìwòran, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ìyẹn ni fídíò tí mo pa rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ẹ rántí. Bàtà ọmọdé ni mo kó wọlé, ti ìtúnu ààwẹ̀, mo yá owó mọ́ ọn. Wọ́n ti ọjà. Mò ń wo páálí bàtà nínú ilé, ọmọ mi ń fi ọ̀kan ṣe mọ́tò. Mi ò ní ohun tí mo lè jó lórí iyanrìn. Àwọn wọ̀nyẹn, ọjà tiwọn ò lè wọ páálí, inú ẹsẹ̀ wọn ló wà, tí wọ́n bá túká láìjó o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé wọn ò kọ́ ọ rí. Ìdí nìyẹn tí fídíò náà fi wà. Nígbà tó yá, ọ̀nà là: Madrid ní 2021, London ní 2022, New York ní 2023. Wọ́n tún da ilẹ̀ sórí ìtàgé bíi ti Pina.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó yẹ kí ẹnu ya ẹ̀yin àgbà. Màmá tó ni ilé ẹ̀kọ́ ijó yẹn, Germaine Acogny, Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1944. Ìyá àgbà wọn, Yorùbá ni, aláàwo òrìṣà ni. Senegal ni Màmá dàgbà sí. Àjò ni wọ́n wà bíi tiwa! Ààrẹ Senghor wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó kan sílẹ̀ ní Dakar, Màmá yìí ló darí ẹ̀ láti 1977 sí 1982. Ìyẹn kógbá sílé. Wọ́n wá dá tiwọn sílẹ̀ ní 1998 pẹ̀lú ọkọ wọn tó jẹ́ ará Jámánì, École des Sables, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ oníyanrìn, nítorí pé wọ́n ní gbọ̀ngán kan tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀ jẹ́ iyanrìn. Ní 2021, ìlú Venice fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà, wọ́n ti pé 77. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀kọ́ wọn lé. Wọ́n ní igi ìyè ni. Ìṣísẹ̀ kan wà tí wọ́n fi igi àràbà sọ lórúkọ, òmíràn wà tí wọ́n fi òṣíbàtà sọ. Ẹni tó mọ àràbà ló lè fi í pe ijó.

Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, pé kò kàn wá. Ẹ má bínú sí mi o. Fela Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, ó kọ orin African Suite fún gòjé òyìnbó, àwọn Chineke! sì lù ú ní London níbi Proms ti BBC ní 2021. Tony Allen tó ń lu ìlù fún Fela Kútì, Èkó ni wọ́n bí i sí. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kọ́ ìlù lílù, ó ń ka ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Max Roach, kọ sínú ìwé ìròyìn jáàsì, ó ń gbìyànjú ẹ̀ wò. Paris ló kú sí, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2020, nínú kòrónà yẹn náà, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe àyájọ́ jáàsì. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó mọ ìlù. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, torí ibi tí mò ń lọ nìyẹn.

Ọmọ tí mo yọ yìí, ọmọ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù tán, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń jó. Ọ̀gá ẹ̀ mọ̀, wọn ò bínú sí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ọ́ lójú gbogbo ayé, ojú ti ọ̀gá ẹ̀, wọ́n ní kó máa palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, àwọn á dá a padà sílé lópin oṣù yìí. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin ló ti fi sìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sìn rí, ẹ mọ ohun tí ọdún mẹ́rin jẹ́.

Mi ò ní kí ọmọ fi ọjà sílẹ̀ lọ máa jó o. Mi ò mọ bí ijó ṣe ń san owó yàrá ní Kánò, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójú ara ẹ̀. Alhájì tó pè mí náà, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn ò fẹ́ irú aṣọ yẹn lójú ìyàwó àwọn, ìgbàgbọ́ wọn ni, mo sì gbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjìyà tí mo dá fún ọmọ náà, mi ò wo ohun tí mo torí ẹ̀ dá a, ó sì ti fẹ́ di ìparun fún un. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Ẹ gbà mí láàyè kí n wá. Tí ìbínú bá wà, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Lọ́jọ́bọ̀, tí àjọ bá parí, Bàbá Alága àti Ìyálọ́jà ti gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. A ò fẹ́ èrò. Ẹ má tẹ̀ lé wa.

Láti òní lọ, mi ò ní dá yọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa ádímíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fohùn ṣọ̀kan, ẹni náà á sì sọ tẹnu ẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Fídíò ọ̀hún, mi ò ní dá a padà síbí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó kọ sí mi níkọ̀kọ̀, màá fi ránṣẹ́. Ó ń jẹ dátà gan-an, ẹ lo wáífáì tí ẹ bá rí.

Owó àjọ, ẹni mẹ́fà ò tíì san. Ẹ mọ ara yín. Ó dàárọ̀ o.