Ẹ Má Fi Lítà Nìkan Ra Fílítà

Ẹja àrọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táńkì kékeré lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ fẹ́ ra ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fílítà.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Táńkì oníke onílítà 1,000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹja 60 ló wà nínú ẹ̀. Mi ò ní fílítà kankan. Lọ́jọ́ méjì-méjì, màá da omi ìdọ̀tí nù, màá pọn tuntun látinú bohóòlù, ó parí. Ìgbà tí mo wá ra onílítà 5,000, tí mo kó ẹja 300 sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Ta ló fẹ́ máa da irú omi yẹn nù lọ́jọ́ méjì-méjì? Owó epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Gọ́tà àdúgbò ńkọ́? Ìyá onílé ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Ni mo bá lọ ra fílítà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó tà á bi mí: "Lítà mélòó ni táńkì yín?" Ó gbé èyí tí wọ́n kọ 5,000 sí lára fún mi, ike dúdú kan tó dé pa, tí kànrìnkàn wà nínú ẹ̀. Inú mi dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iná lọ láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bó ṣe dé, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ sì tú sínú táńkì. Ẹja 140 ló kú. Ẹ má bi mí léèlò.

Mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ bá bọ̀dá kan tó ti pẹ́ nídìí ẹja, tó ń kó wọn lọ tà lọ́jà Olúwo. Kò tiẹ̀ béèrè lítà. Ó ní, "Kílò oúnjẹ mélòó lò ń fún wọn lójúmọ́?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíi mẹ́ta." Ó mi orí.

Ìdí rèé. Kílò oúnjẹ ẹja kan máa ń di nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 amóníà nínú omi. Ti kílò mẹ́ta á tó gíráàmù 100 lójúmọ́, bóyá lítà 5,000 ni o tàbí 8,000. Àwọn bakitéríà tó lẹ̀ mọ́ inú fílítà ló ń sọ ọ́ di nitrite, kí àwọn mìíràn tó sọ ìyẹn di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja. Ibi tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ lẹ̀ ń fowó rà. Wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́. Nínú ike tó dé pa, bí iná bá lọ pẹ́, afẹ́fẹ́ á tán, wọ́n á kú, wọ́n á jẹrà. Àrọ̀ lè gòkè wá mí ní tiẹ̀, ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn. Èèyàn á rò pé ara ẹ̀ le.

Dúrọ́ọ̀mù méjì ni mo ń lò báyìí. Àkọ́kọ́ wà fún ìgbẹ́ ẹja: ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, màá ṣí fáàfù tú u dànù láràárọ̀. Ẹ má fo èyí o. Bí ìgbẹ́ bá bo ilé bakitéríà, wàhálà dé. Èkejì wà lókè táńkì. Mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ẹ̀, mo kó ọmọrí ìgò oníke kún un, àpò kan gbáko, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ìgò. Omi ń kán gba àárín wọn, afẹ́fẹ́ náà ń gbà á. Bí iná bá lọ, wọ́n ṣì tutù, wọ́n ṣì ń mí. Èmi náà ò ní fún ẹja lóúnjẹ títí iná á fi dé.

Pọ́ǹpù ńkọ́? Iye tí wọ́n kọ sára páálí, ìgbà tí kò gbé omi ròkè rárá nìyẹn. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 síbi tí omi ti ń jáde lókè, kẹ́ ẹ fi fóònù ka àkókò. Fún táńkì 5,000, kó kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 14 sí 15, ká lè sọ pé omi ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan.

Bọ̀dá Ẹ̀pẹ́ fún mi ní ọmọrí ìgò díẹ̀ látinú fílítà tiẹ̀. Mo gbé e bọ̀ ní tútù nínú kúlà, kí bakitéríà má bàa kú lọ́nà. (Àrùn lè bá irú ẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n mo mọ ẹja ẹ̀.) Ẹja 160 tó kù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, mo ń yẹ amóníà wò láràárọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kó tó dúró sójú kan, kí n tó ra ọmọ ẹja mìíràn kún un.