Lẹ́yìn Ilé Ìwòsàn Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará Kraké, ẹ̀yin ará Sẹ̀mẹ̀-Podji, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́ wa lódìkejì ẹnubodè ní Àgbádárìgì, ẹ̀yin ìyá wa lẹ́nu ọjà, ẹ̀yin oní-zémidjan, ẹ̀yin tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín tó wà ní yunifásítì.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo kpayo sí ní agbègbè wa yìí. Ó lé ní 30 ènìyàn tó bá a lọ, àwọn mìíràn sì fara jóná. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, a mọ ohun tó kàn: ká sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì á máa wẹ egbò, dókítà á ṣe iṣẹ́ abẹ, kiné á máa na ọwọ́ tó fẹ́ ká kò. Tó bá wá dọjọ́ kan, wọ́n á ní, “Ẹ ti lè máa lọ sílé.” Ẹbí á dúpẹ́, wọ́n á gbé èèyàn wọn, ó di ilé.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńkọ́? Ọwọ́ tó ń gbé bídọ̀n epo tẹ́lẹ̀ kò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ojú ti yí padà, ọmọdé rí i, ó sá. Owó ilé ti bá oògùn lọ. Ẹni náà á wà nínú yàrá, oúnjẹ ló ń gbé e wọlé fún un. Oṣù kan, oṣù mẹ́fà, ọdún méjì. Kì í sì í ṣe iná nìkan. Ẹ wo ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú tó sì ti ń gbádùn báyìí. A ti gba ẹ̀mí wọn là. Ta ni yóò wá bá wọn gba ayé wọn padà?

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ohun tó wà fún gan-an nìyẹn. Lédè Faransé, conseiller en réadaptation ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní rehabilitation counsellor. Èmi á pè é ní agbaninímọ̀ràn ìmúbọ̀sípò. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ kiné o. Kiné ń bá iṣan àti oríkèé ṣiṣẹ́. Ẹni tí mò ń sọ yìí ń bá odindi ènìyàn ṣiṣẹ́: ọkàn rẹ̀, ilé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin oní-zémidjan kan pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú ìjàǹbá. Ẹbí jókòó. Ẹnìkan ní, “Ẹ jẹ́ ó lọ kọ́ iṣẹ́ bàtà, iṣẹ́ arọ nìyẹn.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ jẹ́ ó jókòó, a ó máa bọ́ ọ.” Inú rere ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀, àbí? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè.

Agbaninímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ bi í. Lẹ́yìn náà, á tú iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣé gígun ọ̀kadà nìkan ló mọ̀ ni? Rárá. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ láti ibí dé Cotonou. Ó ń ka owó CFA, ó ń ka náírà, kì í ṣì í kà. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Faransé díẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Ìmọ̀ wọ̀nyí kò sí nínú ẹsẹ̀ tí wọ́n gé! Á wá wo ara: ó lè jókòó fún wákàtí mélòó? Ṣé ó ń sùn lóru, àbí ìjàǹbá náà ló ń rí lójú àlá? Á wá wo ibi iṣẹ́: ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ṣé tábìlì rẹ̀ kò ga jù? Báwo ni yóò ṣe máa débẹ̀? Ṣé ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ṣe é wọ̀ fún un? Á bá ọ̀gá ìsọ̀ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á padà lọ wò ó bóyá nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì yan ohun tó fẹ́. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ẹnìkan á ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ó di dandan kéèyàn gba master kó tó lè ṣe èyí? Ọkàn rere kò tó ni?” Ìbéèrè gidi ni. Ọkàn rere ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ wo Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin wa níbí, tó fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ táyà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Kò kọ́ ìṣègùn. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ lára igi àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so wọ́n mọ́. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú títí dé Avrankou, ní tòsí Àjàṣẹ́ níbí. Wọ́n ń fún wọn lóògùn, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ara wọn ti yá wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn yòókù.

Ẹ tún wo Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò: dípò kí wọ́n ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Dókítà tó kàwé ni Lambo, ó sì lo ọgbọ́n ilé. Ọkàn rere àti ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì ló ń rìn pọ̀. Ẹnìkan tó ní ọkàn rere lè ran ogún ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ yìí múlẹ̀ jù. Ní 1920 ni wọ́n ṣe òfin pé kí ìjọba ran àwọn tó fara pa lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1954, ọdún kan náà pẹ̀lú ti Arò, òfin mìíràn fún àwọn yunifásítì lówó kí wọ́n lè kọ́ àwọn tí yóò ṣe é. Láti 1974 sì ni àjọ kan ti wà tí ń dán wọn wò kó tó fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí CRC. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ CACREP fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ master ní ẹ̀kọ́ kírẹ́díìtì 60, wákàtí 100 ti ìdánrawò, àti wákàtí 600 lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ojú olùkọ́. Wọ́n ń kọ́ nípa àìsàn àti ìpèníjà ara, nípa ọkàn ènìyàn, nípa òfin, nípa ọjà iṣẹ́, àti bí a ṣe ń pa àṣírí ẹni mọ́.

Níbí ńkọ́? Lẹ́yìn BAC, licence jẹ́ ọdún mẹ́ta, master jẹ́ ọdún méjì. Ọmọ tó ka nọ́ọ̀sì, psychologie, sociologie tàbí iṣẹ́ assistant social lè gba ibẹ̀ wọlé. Yunifásítì Abomey-Calavi ń kọ́ni ní psychologie. Lódìkejì ẹnubodè, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà, ó sì ní ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn. Ní Jos, orúkọ ẹ̀ka wọn gan-an mẹ́nu ba ìmúbọ̀sípò. Ẹ má wo orúkọ tó wà lára ìwé nìkan. Ẹ bi wọ́n: Kí lẹ ń kọ́ni? Wákàtí mélòó ni ọmọ mi yóò lò pẹ̀lú aláìsàn? Ta ni yóò máa mójú tó o? Ṣé ìjọba fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yín?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, pàápàá àwa ará ẹnubodè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Nàìjíríà dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí tó ti Benin àti Togo wá wò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì níbí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ tó jókòó kàwé lódodo fara gbá nínú ẹ̀. Ìwé tí a fi owó rà kò lè dá ẹni tó jóná padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé iṣẹ́ yìí á rówó mú wálé? Mi ò ní tàn yín, iṣẹ́ tuntun ni lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́ ọ lè fìgbà díẹ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ló ní àìlera tí ìmúbọ̀sípò lè ràn lọ́wọ́. Benin ní òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2017, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà. Òfin tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Òfin ti ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí yóò mú ènìyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn náà ni kò tíì tó.

Kí àwọn ọmọ yẹn tó kàwé dé, ẹ̀yin ẹbí, ẹ má fi èèyàn yín pamọ́ sí yàrá. Ẹ mú un lọ sí guichet unique de protection sociale tó sún mọ́ yín, èyí tí à ń pè ní centre de promotion sociale tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, ẹ má gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, ẹ jẹ́ ó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Lálẹ́ òní pàápàá, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ bi í pé, “Kí lo tún fẹ́ máa ṣe?” Ìdáhùn rẹ̀ lè má dé lálẹ́ yìí. Ẹ tún bi í lọ́la.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run á bá wa wo gbogbo aláìsàn sàn.