Ọwọ́ Ìjọba Nínú Eré Ìdárayá Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà

Bọ́ọ̀lù àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà kì í ṣe irú èyí tí ẹsẹ̀ nìkan ń gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí ẹgbẹ́ kejì yóò sì máa dá wọn wó. Ní ọdún 1905, eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a so apá pọ̀, wọn a rọ́ lu ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé akoto. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ni eré náà pa lọ́dún yẹn.

Ní oṣù kẹwàá, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí White House. Kò ṣe òfin kankan. Ìkìlọ̀ ni ó ṣe. Ní 1906, a gbà kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, kí ìrọ́lù lè dín kù. Ọdún náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní NCAA láti 1910 sílẹ̀.

Nígbà tí ó yá, owó di ọ̀ràn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pa owó gọbọi lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi egungun rẹ̀ wewu kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ pawó. Ta ni yóò pe èyí ní ẹ̀tọ́? Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì má ṣe dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù kẹfà 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ohùn ṣọ̀kan dá NCAA lẹ́bi nítorí òdiwọ̀n tí ó fi sí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Kí oṣù keje tó pé ọjọ́ méjì, ẹgbẹ́ náà ti gbà kí wọ́n máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó.